Ládàánì, Má Gbá Oyin Létí!

Ẹni funfun kan ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ wá bá Ládàánì. Ó funfun láti orí dé bàtà, kò lójú, kò nímú, kò lẹ́nu. Àwọ̀n ló bo gbogbo ibi tó yẹ kí ojú wà. Ó há àpótí kan mọ́ abíyá, ó gbé korobá lọ́wọ́ kejì, kò sì mí hẹlẹ. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ilé gogoro mọ́ṣáláṣí yẹn ní o! Ládàánì fúnra rẹ̀, tó ń gùn ún lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ láti pe ìrun, bó bá dókè, á kọ́kọ́ di ògiri mú kó tó rántí orúkọ ara rẹ̀.

Ọwọ́ kan Ládàánì di ìgò kẹrosíìnì mú, ọ̀kan di ìgbálẹ̀ àti ìṣáná mú. Ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe wà lókè orí rẹ̀: oyin ni, ó ti bo ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí pátápátá, ó ń rọ̀ dirodiro bí irùngbọ̀n arúgbó, ó ń kùn hùùù. Ọjọ́ Jímọ̀ sì ni. Ìrun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pè.

"Àsàlámù aléékùm," ni ẹni funfun náà wí.

Ládàánì fi ìgbálẹ̀ bojú. "Wà... wà... wàléékùmù sàlámù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé málékà ni yín ni? Tó bá jẹ́ èmi lẹ wá mú, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ pe ìrun."

"Málékà wo ló ń gbé korobá kiri? Ẹ gbé kẹrosíìnì yẹn sílẹ̀."

Obìnrin ni!

"Arábìnrin, ẹ wòkè. Wọ́n pọ̀ ju jàmáà wa lọ!"

"Mo rí wọn. Ànábì ní ká má pa oyin, ẹ̀yin tí ẹ ń pe àwa yòókù wá kírun ni ẹ fẹ́ dáná sun wọ́n, lórí mọ́ṣáláṣí, lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ládàánì gbé ìgò sílẹ̀ kíá. "Ṣé wọn ò ní ta mí?"

"Wọ́n ti yó. Ilé ni wọ́n ń wá. Kí wọ́n tó kúrò ní ilé àná, wọ́n ti jẹun kún ikùn, ìjà ò sí lọ́kàn wọn. Ẹ sáà má mí sí wọn lára, wọ́n kórìíra èémí èèyàn."

Ládàánì pa ẹnu dé, ó di imú mú. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ata.

"Mo ní ẹ má mí sí wọn lára ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ kú."

Ó gbé àpótí sábẹ́ ẹ̀rọ, ó bọ ọwọ́ sínú korobá, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì kan tó rọ̀ bí òwú, ó sì gbá wọn wọlé jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ìdì ńlá kan já bọ́ sínú àpótí, gbùú! Ìyá wọn wà nínú rẹ̀. Bí àwọn tó kù ṣe gbọ́ òórùn ìyá wọn, wọ́n tò, wọ́n ń wọlé ní sáàfù-sáàfù, àfi bí ìgbà tí jàmáà bá rí i pé Lèmọ́mù ti dé iwájú. Kò pẹ́, gbohùngbohùn mọ́. Ọmọbìnrin náà dé àpótí, ó wá ká àwọ̀n ojú rẹ̀ sókè.

Háà!

Òógùn wà ní iwájú orí rẹ̀, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀ kó tó dé ẹnu. Ládàánì gbàgbé oyin. Ó gbàgbé kẹrosíìnì. Ó gbàgbé ìrun, àfi ìgbà tí Lèmọ́mù ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Ládàánì! Ṣé o ti sùn sókè níbẹ̀ ni?"

Ìda oyin ti dí ẹnu ẹ̀rọ. Ẹnu lásán ni Ládàánì fi pe ìrun lọ́jọ́ náà, kò sì tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin náà ṣì wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó jókòó ti àpótí rẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ ohùn yín," ló wí, "mo rò pé inú ẹ̀rọ ni adùn rẹ̀ ti ń wá."

"Èmi náà rò pé málékà kì í rẹ́rìn-ín," ni Ládàánì dáhùn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ ọwọ́ Ládàánì ni títún rédíò ṣe. Òun àti ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan náà: máṣíìnì ìránṣọ ní apá ọ̀tún, òkìtì rédíò ní apá òsì, tábìlì kan láàárín. Ọmọ Olóyin, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọbìnrin náà, gbé rédíò kan wá lọ́jọ́ Ajé. Bátìrì ló kú. Ó tún gbé e wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ó ti yọ bátìrì náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Aránṣọ fẹsẹ̀ dá máṣíìnì dúró.

"Ọmọ yìí, àìsàn kan ò ṣe rédíò rẹ. Ìwọ ni kó o sọ ibi tó ń dùn ẹ́."

Ọmọ Olóyin fi ìbòrí bo ẹnu. Ládàánì ń tú rédíò tí kò bàjẹ́.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà lọ tán, Ìyá Aránṣọ yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Má ṣe é o. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ olóyin ti fẹ́ ẹgbàárùn-ún oyin mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì bá ní gbólóhùn asọ̀, ta ni wọ́n máa gbè lẹ́yìn?"

"Mọ́mì, ọmọ dáadáa ni."

"Mo mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ni mò ń sọ."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ọmọ Olóyin ní kó wá kí bàbá òun lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ohun tó gbàgbé láti sọ fún un ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Ládàánì wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́fínńdà tó yẹ kó fi kan ọrùn ọwọ́, ó dà á sí irùngbọ̀n, ó dà á sí abíyá, ó ta á sínú fìlà. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọgbà kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ọgbà ọsàn ni, ó tan òdòdó funfun báláú, ogún àpótí oyin ló tò sábẹ́ àwọn igi. Bàbá Olóyin jáde wá pàdé rẹ̀. Bàbá kúrú, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí ogójì ọdún ló ti ń bá oyin sọ̀rọ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni..."

Oyin kan kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Oyin kò fẹ́ òórùn tó le, tó bá sì ti le, ọ̀tá ni wọ́n kà á sí. Ó wá tààrà, tìn-ìn, ó bà lé Ládàánì lórí ètè òkè. Yéè! Ọwọ́ Ládàánì gbéra fúnra rẹ̀, fáà! Ó gbá a.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa òkú oyin náà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ta lo pa yìí?"

"Bàbá, kòkòrò kan ni..."

"Kòkòrò!" Ohùn Bàbá kò sókè, èyí gan-an ló bani lẹ́rù. "Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kó kọ́lé sórí òkè, àti sórí igi, àti sínú ohun tí ọmọ èèyàn bá kọ́. Ó ní kó jẹ nínú gbogbo èso, kó sì máa tọ ọ̀nà Olúwa rẹ̀. Ó ní nínú ikùn rẹ̀ ni ohun mímu tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ síra ti ń jáde, ìwòsàn sì wà nínú rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ìwọ ńkọ́? Ẹni tí Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀ lo gbá létí!"

Ọmọ Olóyin sáré wọ àárín wọn. "Bàbá mi, ẹ wo ètè rẹ̀. Abẹ́rẹ́ oyin náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé oyin tó bá ti fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lára èèyàn ti pa ara rẹ̀. Òkú ló gbá!"

Ládàánì mi orí kíákíá. Ètè rẹ̀ ti ń wú.

"Ṣé ó mọ̀ pé òkú ni nígbà tó gbé ọwọ́ sókè?" ni Bàbá bi í. "Èrò ọkàn la fi ń ṣírò iṣẹ́." Ó wo Ládàánì. "Ṣé o mọ Sátù Náhlì, Súrà Oyin?"

"Àwọn... àwọn kéékèèké tó wà nípàrí ni mo mọ̀, Bàbá."

Òótọ́ ló sọ, ìtìjú rẹ̀ sì nìyẹn. Ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ jò bí ajere. Láti kékeré, súrà tó bá ti kọjá ẹsẹ mẹ́wàá, áyà mẹ́wàá, kì í bá a sùn jí.

"Áyà méjìdínláàádóje ni," ni Bàbá wí. "Òdòdó ọgbà yìí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bó bá tán, a óò di àpótí wa, a óò tẹ̀lé òdòdó lọ sí ibi tó jìn, ọmọ mi á sì tẹ̀ lé mi. Kó tó dìgbà náà, wá kà á fún mi níhìn-ín, láàárín wọn, láìwo ìwé, láìfi àwọ̀n bojú. Bó o bá fo áyà kan péré, o dágbére nìyẹn."

Ó wá bu oyin sí ìka, ó fi pa ètè Ládàánì fún un pẹ̀lú ìkẹ́, ó sì ní kó máa lọ sílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí Ládàánì pe ìrun pẹ̀lú ètè tó wú yẹn, àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ìyá rẹ̀ pàápàá ní kó gun òkè lọ tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó mọ áyà mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ kejì, méjì ti jò dànù, ó ku mẹ́sàn-án.

Ọmọ Olóyin gbé rédíò dé. Ó bá a tó gbé orí lé tábìlì.

"Ẹ gbàgbé mi," ni Ládàánì wí. "Ẹ máa tẹ̀lé òdòdó yín lọ."

"Ta lẹ ń lé?" Ó fa àga. "Ẹyọ oyin kan, tó bá ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti ń fò títí tó fi kú, ohun tó máa kó wálé kò kún ṣíbí tíì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgò oyin tó wà níwájú ìyá yín yẹn. Kò ha kún? Díẹ̀ ló ń gbé, ó sì mọ ibi tó ń gbé e sí. Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ̀ ń gbé tiyín sí?"

Ládàánì gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ń gbé e sí. Ibi wo ló mọ̀ jù láyé yìí, tó lè fi ojú dídì rìn já?

"Àtẹ̀gùn mi jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta," ló wí. "Tí mo bá gùn ún, tí mo tún sọ̀ ọ́, mélòó ló jẹ́?"

Ọmọ Olóyin ka ìka. Ojú rẹ̀ là. "Méjìdínláàádóje! Ládàánì! Ó pé géérégé!" Ó fò sókè, rédíò já bọ́ lórí tábìlì, ó sì wá bàjẹ́ nítòótọ́ níkẹyìn. "Ìwọ èèyàn yìí, orí rẹ pé!"

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é ní ìwọ nìyẹn. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó ṣe àtúnṣe rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan gba áyà tirẹ̀. Èyí tó sán ní tirẹ̀, èyí tí alángbá máa ń yáàrùn lórí rẹ̀ ní tirẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fìlà ní tirẹ̀. Bó bá ń gòkè lọ pe ìrun, ó ń kà. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń kà. Áyà tó sọ̀rọ̀ oyin bọ́ sórí àtẹ̀gùn kẹrin ní ìsọ̀kalẹ̀.

Láàárín èyí, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ìyá Aránṣọ. Ọmọ Olóyin ní kí wọ́n lá oyin. Wọ́n lá a, ó tún le sí i.

"O fẹ́ pa mí kó o lè ráyè fẹ́ ọmọ mi!"

"Ìyá mi, ẹ tún lá a. Ọkùnrin kan wá bá Ànábì bẹ́ẹ̀ nítorí àbúrò rẹ̀, Ànábì ní kó fún un ní oyin. Ó padà wá pé ó le sí i. Ànábì ní kó tún fún un. Nígbà tó yá, Ànábì ní, 'Òdodo ni Ọlọ́run sọ, ikùn àbúrò rẹ ló parọ́.' Ló bá tún fún un mu, ara rẹ̀ sì yá."

"Ikùn tèmi kì í parọ́!" ni ìyá wí, àmọ́ wọ́n lá a. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹta, ara wọ́n balẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, máṣíìnì ń dún, wọ́n ń kọrin. Wọ́n ní omi gbígbóná tí àwọn mu ló ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ pé. Òdòdó ti ń gbọ̀n sílẹ̀ nínú ọgbà, Bàbá sì ti di àpótí márùn-ún. Ládàánì wẹ omi lásán, kò fi nǹkankan para. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. "Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣe," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n wọn ò ní fi oyin pa ọmọ mi lẹ́yìn mi."

Bàbá na ẹní sáàárín àpótí. "Jókòó, kó o bẹ̀rẹ̀."

Ládàánì jókòó. Ó ya ẹnu. Òfo!

Kò sí áyà kìíní, kò sí ìkejì, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Ó wo ọ̀run, ó wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ètè. Bàbá mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí okùn tó fi ń di ẹrù.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi," ni Ládàánì ké. "Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n! Àtẹ̀gùn ni mo fi kọ́ ọ. Bí mi ò bá gun nǹkan, kò lè wá!"

"Ọgbà ọsàn la wà. Níbo ni n ó ti rí àtẹ̀gùn fún ọ?"

Kí Bàbá tó pa ẹnu dé, Ọmọ Olóyin ti fa àpótí òfìfo kan jáde, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú Ládàánì, gbàà! "Gun èyí."

Ládàánì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e. Áyà kìíní bọ́ síta bí omi ẹ̀rọ. Ó sọ̀ kalẹ̀: èkejì. Ó gùn ún: ẹ̀kẹta. Ẹ ò rí nǹkan! Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ohùn rẹ̀ ń yí láàárín igi ọsàn, oyin ń kùn tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ti ń mi orí sí i. Ó kọjá ogún. Ó kọjá ogójì. Òógùn bò ó. Nígbà tó dé áyà kejìdínláàádọ́rin, tó ní, "Wà auhà Rọ́búkà ilà Náhlì," pé Olúwa rẹ ránṣẹ́ sí oyin, oyin kan fò wá láti inú àpótí ìtòsí, ó sì bà lé e.

Orí ètè òkè. Ibi tọjọ́sí gan-an!

Ọwọ́ Ládàánì gbéra. Ọmọ Olóyin di ojú. Ọwọ́ náà dé èjìká, ó dúró, ó yí padà, ó lọ sẹ́yìn, ó lọ di ọwọ́ kejì mú gírígírí. Ládàánì ń kàwé lọ, oyin ń rìn lórí ètè rẹ̀ láti igun kan dé èkejì, òun náà ń gun àpótí, ó ń sọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá í jẹ́. Ìyá Aránṣọ kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ṣé ẹ ò rí i ni? Á tún ta á!" Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jù ú, fìì! Bàtà fò kọjá oyin, ó kọjá etí Ládàánì, ó ba Bàbá Olóyin níwájú orí, pàà! Fìlà Bàbá ṣí, ó fò sórí ẹ̀ka ọsàn.

Oyin náà gbéra kúrò lẹ́nu Ládàánì. Ó fò yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ bà lé Ìyá Aránṣọ lọ́wọ́, lórí ìka tí wọ́n fi ń ti abẹ́rẹ́ gan-an.

"Ẹ má mira," ni Bàbá sọ jẹ́jẹ́.

Ta ló fẹ́ mira? Wọ́n ti di òpó. Oyin náà rìn dé orí èékánná wọn, ó fọ ojú rẹ̀, ó nu ìyẹ́ rẹ̀, ó fò lọ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

"Ó mà fúyẹ́ o," ni Ìyá Aránṣọ wí, ohùn wọn ti yí padà. "Ó bà lé mi, kò ṣe mí ní nǹkankan."

"Ànábì ní onígbàgbọ́ òdodo dà bí oyin," ni Bàbá dáhùn. "Ohun tó dára ló ń jẹ, ohun tó dára ló ń mú wá, bó bá bà lé ẹ̀ka, kì í ṣẹ́ ẹ."

Ládàánì kò dúró o! Bó bá dúró, ó pàdánù ibi tó dé. Ó ń gùn, ó ń sọ̀, títí ó fi dé áyà kẹrindínláàádóje. Áyà yẹn ní bí ẹ bá máa gbẹ̀san, ẹ gbẹ̀san bí wọ́n ṣe ṣe yín mọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe sùúrù, ó lóore jù fún àwọn onísùúrù. Ibẹ̀ ló ti rántí oyin tó gbá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Ó ka méjì tó kù, ó sọ̀ kalẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì wó jókòó sórí àpótí.

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà nílẹ̀. Ó yí i lọ́wọ́, ó wo Ìyá Aránṣọ. Ìyá Aránṣọ fà sẹ́yìn.

"Ẹ̀tọ́ mi ni kí n fi bàtà kan gbẹ̀san," ni Bàbá wí. Ẹ̀rín ti ń mì ín ní èjìká. "Ṣùgbọ́n a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èyí tó dára jù. Ẹ gba bàtà yín, Ìyá Ọkọ."

Ìyá Ọkọ! Ládàánì fò dìde. Ọmọ Olóyin pariwo, ó tún fi ìbòrí bo ẹnu. Ìyá Aránṣọ ju bàtà náà sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, wọ́n tún dìde lọ bá Bàbá já fìlà lórí igi.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n so yìgì nínú mọ́ṣáláṣí, kí òdòdó tó tán. Lèmọ́mù bi ìyàwó pé kí ni sọ̀dáàkì rẹ̀, ẹ̀tọ́ tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkọ. Gbogbo èèyàn na etí.

"Kó kọ́ mi ní Sátù Náhlì," ló wí. "Bó ṣe kọ́ ọ gan-an ni kó kọ́ mi."

Bàbá Olóyin tẹ̀lé òdòdó lọ. Àpótí kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, èyí tí oyin tí wọ́n gbá láti orí gbohùngbohùn lọ́jọ́ kìíní wà nínú rẹ̀. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé gogoro, Ìyá Aránṣọ ló sì ń gbé omi ka iwájú rẹ̀ láràárọ̀, tó ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, ọkọ àti ìyàwó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ṣé ó gba ẹni méjì?" ni ìyàwó bi í.

"Ó há díẹ̀, oyinmọmọ mi."

"Kó máa há bẹ́ẹ̀." Ó fa ọwọ́ rẹ̀. "Ó yá, olówó orí mi, áyà kìíní."

Wọ́n jọ gbé ẹsẹ̀.